Níbo La Ti Máa Jẹun ní Pópó Àgùdà?

Ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní àlejò kan ń bọ̀ wá bá òun láti Ìbàdàn, òun sì fẹ́ mú un rìn yíká Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, níbo la ti máa jẹun tí inú ò fi ní í run wá?"

Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà, Google Maps ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí, kí n ka ìràwọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ lé ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ dé ilé oúnjẹ kan lágbègbè yẹn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, oríṣi oúnjẹ tó wà lórí ìwé wọn lé ní ogójì, àmọ́ èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ ní aago kan ọ̀sán. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó. Ìrẹsì tí wọ́n gbé wá gbóná lókè, ó tutù nísàlẹ̀. Mo jẹ ẹ́ torí pé mo ti sanwó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sùn mọ́jú. Nígbà tí mo padà lọ wo ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn kọ síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó ń dáná nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo àdúgbò náà fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, àtàwọn ọmọ wọn, ń padà wá sí Èkó. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. Ọ̀nà Campos, Bamgbose àti Igbosere ni wọ́n tẹ̀dó sí. Lónìí, ọjà àti ọ́fíìsì ló yí ibẹ̀ ká. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni oníṣòwò, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ báńkì. Ọ̀pọ̀ wọn ò ráyè fún ní ìràwọ̀ lórí fóònù. Bóúnjẹ bá dáa, wọ́n á padà wá lọ́la. Ìyá olóúnjẹ tó bá fún wọn ní ọbẹ̀ tó ti kan lónìí, kò ní í rí wọn mọ́. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa wò.

Àkọ́kọ́, ẹ wo ẹni tó ń jẹun. Níbi tí ìyá bá ti ń pe àwọn oníbàárà lórúkọ, ẹ tò sẹ́yìn wọn.

Ìkejì, ẹ wo bóyá ìkòkò ń rú èéfín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí oúnjẹ tí a ti sè gbóná ju 60°C lọ títí a ó fi bù ú, kó má sì wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ láìsí nínú fíríìjì. Ìrẹsì ló ń tan èèyàn jù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Ẹyin rẹ̀ kì í kú sínú omi gbígbóná. Bí ìrẹsì bá tutù sílẹ̀, ó lè pa, kó sì tu májèlé síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá gbé e padà sórí iná, májèlé yẹn ò kúrò.

Ìkẹta, ẹ wo iye ìkòkò. Ẹni tó ń ta àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì nìkan, tàbí ẹ̀wà àgànyìn pẹ̀lú búrẹ́dì, máa ń tà tán kíákíá. Ohun tó bá tán lónìí ò lè di àkùsílẹ̀ lọ́la. Ẹ lọ láàárín aago méjìlá sí méjì. Ẹ kí ìyá dáadáa: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èwo lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀?" Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sunday, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí.

Tí àlejò yín bá fẹ́ oúnjẹ Àgùdà gan-an, fréjọ̀n ni: ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá fi omi àgbọn sè. Ọjọ́ Good Friday ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, torí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Inú ilé ni wọ́n sábà ti ń sè é. Tí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ẹ má kọ̀ o.

Ẹ tún mú un kọjá ní Tinubu. Ibẹ̀ ni Ilọ́jọ̀ Bar wà tẹ́lẹ̀, ilé ọtí àti oúnjẹ tí ìdílé Fernandez kọ́ lọ́dún 1855. Lọ́dún 1956, ìjọba kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá jẹun tó dùn lọ́dọ̀ ìyá kan níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ lè fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí Maps. Tó bá gbà, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ jẹun, aago tẹ́ ẹ débẹ̀, àti ohun tó gbóná níbẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa lọ́la á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó dìgbà kan ná.