Mẹ́gábíìtì Kọ́ Ló Ń Dá Géèmù Yín Dúró

Ẹ̀sùn kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù EA FC tàbí tí wọ́n ń ṣeré Call of Duty lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ra dátà ńlá, wọ́n tún fowó lé e kó lè yá sí i, síbẹ̀ bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì pé kí agbábọ́ọ̀lù wọn gbá a sílé, alátakò á ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀ sókè. Òbí tó sanwó dátà á ní ọmọ ń ṣàwáwí ni. Ọmọ kò ṣàwáwí. Ibi tí wọ́n kówó lé kì í ṣe ibi tí ìṣòro wà.

Iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ gàdàgbà sára ìpolówó, 20 Mbps, 50 Mbps, 100 Mbps, iye mẹ́gábíìtì dátà tó lè wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ẹni tó fẹ́ wo fíìmù nílò rẹ̀: Netflix fúnra wọn sọ pé 5 Mbps tó fún àwòrán HD tó mọ́ kedere, pé 15 Mbps ló yẹ 4K. Ẹni tó fẹ́ dáńlóòdù géèmù tó ju 100 GB lọ náà nílò rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣókí ni PlayStation tàbí Xbox ń fi ránṣẹ́: ibi tí agbábọ́ọ̀lù wà, ibi tó kọjú sí, bọ́tìnì tí wọ́n tẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, gbogbo rẹ̀ kì í tó 1 Mbps. Ohun tí géèmù ń fẹ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ ṣókí yẹn tètè dé, kí èsì rẹ̀ tètè bọ̀, kí ó sì máa rí bẹ́ẹ̀ láìyẹsẹ̀.

Àlọ àti àbọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní ping. Mílísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń kà á, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Géèmù bọ́ọ̀lù lórí PS5 ń gbé àwòrán 60 jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 17 ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ń lò lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí ping yín bá jẹ́ 120, àwòrán méje ti kọjá kí èsì tó dé. Ẹni tó ń sáré bọ̀ wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ yín ti débẹ̀, ó ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé bọ́tìnì kan ṣoṣo, láti ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nínú pálọ̀ kan ní Bódìjà n'Íbàdàn títí dé ibi tó ń lọ.

Láti inú pádì dé ara PS, Bluetooth ló ń gbé e, àkókò tó ń jẹ kò tó nǹkan. Tẹlifíṣọ̀n ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń dá àwòrán dúró ná kí wọ́n lè mú un dán, kí wọ́n sì mú ìrìn rẹ̀ gún, kí wọ́n tó gbé e sójú. Ìyẹn nìkan lè jẹ ọ̀pọ̀ mílísẹ́kọ́ńdì, kò sì kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ lọ sínú sẹ́tínì tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Game Mode sí, kí ẹ tàn án. Ọ̀fẹ́ ni. Ó yẹ kí àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n máa fi èyí han oníbàárà kó tó gbé ọjà rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́tìnì náà fò sínú afẹ́fẹ́, ó di ti Wi-Fi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa Wi-Fi ni pé lórí ojú ọ̀nà kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí fóònù Bùrọ̀dá bá ń sọ̀rọ̀, PS gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó dúró. Lórí 2.4 GHz, ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í wọnú ara wọn, ìyẹn 1, 6 àti 11. Nínú ilé onífúláàtì mẹ́fà tí ráútà wà ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan, ráútà aládùúgbò ń bá tiyín du àyè, bẹ́ẹ̀ ni Bluetooth àti máíkíróweefù náà wà lórí 2.4 GHz kan náà. 5 GHz láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ kò lágbára láti la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá. Àwọn tó ṣì ń lo PS4 àkọ́kọ́, èyí tó jáde lọ́dún 2013, wọn kò tilẹ̀ ní 5 GHz láti lò, torí 2.4 nìkan ni Sony ṣe sínú rẹ̀. Wọ́n lè ra ráútà olówó gọbọi, PS4 yẹn kò ní mọ̀ pé ó dé. Sony tún un ṣe nígbà tí PS4 Slim jáde lọ́dún 2016.

Wáyà LAN ni ìdáhùn tèmi sí gbogbo wàhálà Wi-Fi. Ihò rẹ̀ wà lẹ́yìn PS4, ó wà lẹ́yìn PS5, ó wà lẹ́yìn Xbox, èruku sì ti kún ọ̀pọ̀ nínú wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó rí. Ẹ fi wáyà so PS mọ́ ráútà. Bí pálọ̀ bá jìn sí ibi tí ráútà wà, ẹ ra èyí tó gùn, kí ẹ fi ìṣó kékeré kàn án mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Kò sí aládùúgbò tó lè bá wáyà yẹn du àyè.

Bọ́tìnì wa ti dé inú ráútà. Ibí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, torí ibí ni géèmù ti ń bàjẹ́ jù nínú ilé wa, ibẹ̀ náà sì ni agbára wa ká.

Ẹ wò ó báyìí. Fóònù ìyá ń kó fọ́tò àti fídíò ayẹyẹ ọjọ́ Sátidé lọ sórí Google Photos. Dátà ń tú jáde láti inú fóònù wọ ráútà kíákíá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ráútà fi ń jáde sí ìta kéré, torí ní ọ̀pọ̀ ilé, ìgbéjáde kì í tó ìgbàwọlé rárá. Kí ni ráútà máa ṣe? Ó máa to dátà náà sínú mẹ́mọ́rì rẹ̀, lórí ìlà. Mẹ́mọ́rì ti wọ́pọ̀, kò wọ́n mọ́, àwọn tó ń ṣe ráútà sì ti fi púpọ̀ sínú rẹ̀ torí wọn kò fẹ́ kí dátà kankan sọnù. Ìlà yẹn wá gùn kọjá ààlà. Bí agbára ìgbéjáde bá jẹ́ 5 Mbps, tí dátà tó wà lórí ìlà sì tó mẹ́gábáìtì kan, ẹni tó bá dé sẹ́yìn máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ ó lé. Bọ́tìnì tí ọmọ tẹ̀ ti tò sẹ́yìn ìlà náà. Ó dà bí ẹni tó mú kọ́ọ̀bù kan péré wá sídìí ẹ̀rọ omi, tí wọ́n ní kó tò sẹ́yìn àwọn tó gbé dúrọ́ọ̀mù wá.

Ìdí nìyẹn tí mẹ́gábíìtì tuntun kì í fi í wo àìsàn yìí. Bí ẹ bá sanwó kí ìgbàwọlé di ìlọ́po méjì, ìgbéjáde lè má yí padà rárá, ìlà inú ráútà á sì wà bó ṣe wà. Jim Gettys, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ọ̀rọ̀ yìí fáyé gbọ́ ní nǹkan bí ọdún 2010, òun ló sì sọ ọ́ ní bufferbloat. Lọ́dún 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ojútùú kan jáde tí wọ́n pè ní CoDel. Ọgbọ́n inú rẹ̀ wù mí gidigidi. Ráútà kò ní ka iye dátà tó wà lórí ìlà mọ́; yóò máa wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Bí ìdúró bá ti ń ju mílísẹ́kọ́ńdì 5 lọ, tí kò sì dínkù, ráútà á mọ̀ọ́mọ̀ ju ìdì dátà kan nù. Fóònù tó ń kó fọ́tò lọ á rí i pé ohun kan sọnù, á sì dẹwọ́ ìfiránṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, fq_codel, tún ya ìlà ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí fọ́tò wà lórí tirẹ̀, kí géèmù wà lórí tirẹ̀, kí ráútà sì máa mú díẹ̀díẹ̀ lára wọn.

Ẹ lè fojú ara yín rí i lónìí. Ẹ lọ sí fast.com lórí fóònù, ẹ jẹ́ kó wọn íntánẹ́ẹ̀tì yín tán, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ «Show more info» sí. Ping méjì ló máa jáde. Unloaded ni ti ìgbà tí ọwọ́ dilẹ̀. Loaded ni ti ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 40, tí ìkejì jẹ́ 600, ẹ ti rí ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọ yín. Ẹni tó bá fẹ́ ra ráútà kó béèrè bóyá ó ní SQM, ètò tó ń fi irú ọgbọ́n yìí tọ́jú ìlà, tí àwọn kan ń pè ní Smart Queue. Bó bá ní in, kó dín iye mẹ́gábíìtì tó bá kọ síbẹ̀ kù díẹ̀ sí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde gan-an, kí ìlà lè wà lábẹ́ àṣẹ ráútà fúnra rẹ̀. Lórí 4G àti 5G iṣẹ́ náà le jù, torí agbára nẹ́tíwọ̀kì ń lọ sókè sódò. Ẹni tí kò bá ní owó ráútà tuntun, kó dá ìkófọ́tò lọ́wọ́ fóònù dúró títí di òru, kó sì rí i pé PS kò dáńlóòdù géèmù mìíràn lábẹ́lẹ̀ nígbà tí eré ń lọ.

Láti ráútà, bọ́tìnì gba ojú fáíbà tàbí ti mààsìtì dé Èkó, ó sì wọ òkun. Ibi tí owó ẹnikẹ́ni kò ti ràn án nìyí. Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà MainOne tó délẹ̀ lọ́dún 2010, láti Èkó dé Seixal ní Pọtogí, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Àlọ mílísẹ́kọ́ńdì 35, àbọ̀ 35: àádọ́rin ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ sáfà géèmù náà tilẹ̀ lè wà ní London tàbí Frankfurt. Wáyà òkun náà tún lè bàjẹ́: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pọ̀ létí òkun Côte d'Ivoire. Àwọn báńkì wa gan-an jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Equiano tí Google mú dé Èkó lọ́dún 2022 wà lára èyí tí kò fara gbá níbẹ̀.

Starlink tó wọ Nàìjíríà lóṣù kìíní ọdún 2023 yàtọ̀ sí sátẹ́láìtì àtijọ́, torí pé nǹkan bíi kìlómítà 550 ni sátẹ́láìtì rẹ̀ fi ga sókè, nígbà tí ti àtijọ́ wà ní 35,786. Sátẹ́láìtì àtijọ́ máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá nínú àlọ-àbọ̀ nìkan, kò yẹ fún géèmù láéláé. Ti Starlink ṣeé lò. Ṣùgbọ́n bí dátà bá ti délẹ̀, bí sáfà bá wà ní Yúróòpù, ọ̀nà Yúróòpù náà ló máa tọ̀. Nínú géèmù tó bá gbà yín láyè láti yan ibi tí sáfà wà, ẹ dán Yúróòpù àti South Africa wò, kí ẹ mú èyí tí ping rẹ̀ kéré jù. Microsoft ti ní ilé sáfà ní Johannesburg àti Cape Town láti ọdún 2019, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀nà Yúróòpù ń yá jù.

Ẹ̀dùn mìíràn tún wà fún àwọn tó ń lo síìmù nínú ráútà. Àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́, IPv4, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ lágbàáyé, kò kárí mọ́, nítorí náà ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ ẹyọ kan. PS lè wá kọ «NAT Type 3» síbẹ̀, ọ̀rẹ́ lè má gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́, géèmù sì lè kọ̀ láti so wọ́n pọ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè yí nínú ráútà tó máa tán an pátá. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ béèrè fún public IP.

Ìdájọ́ mi nìyí: ẹni tó bá ti ní 20 Mbps tó dúró déédéé kò nílò 100 Mbps nítorí géèmù. Kó kọ́kọ́ ra wáyà LAN. Bí owó bá ṣẹ́kù, kó fi ra ráútà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìlà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ọ̀nà tí oníbàárà fi lè mọ èyí kó tó sanwó, torí mẹ́gábíìtì nìkan ló wà lára ìpolówó. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC ti pàṣẹ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńlá gbọ́dọ̀ lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọjà wọn, bíi ti ẹ̀yìn páálí oúnjẹ, tí wọ́n á kọ iye owó, iye dátà, mẹ́gábíìtì ìgbàwọlé àti ti ìgbéjáde, àti ping tí oníbàárà máa ń rí. Àjọ NCC ní Àbújá lágbára láti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún wa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì fi ping ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ kún un, torí òun gan-an ni à ń gbé inú rẹ̀. Kí òfin yẹn tó dé, ẹ̀yin tó ń sanwó, ẹ béèrè ping lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, bí kò bá sì lè sọ ọ́, ẹ kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.