Bí Ọ̀nà Inú Eegun Ẹ̀yìn Bá Há

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ìyá àgbà bá ń ti ọjà bọ̀, tí ó ń dúró sinmi léraléra nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Inú eegun ẹ̀yìn ni iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ ogbó, ọ̀nà yìí lè há mọ́ iṣan. Bí ìyá bá tẹ̀ síwájú tàbí tí ó jókòó, ọ̀nà a fẹ̀ díẹ̀, ara a sì tù ú.

Oògùn ara ríro àti eré ìdárayá tí dókítà bá yàn lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá tó, iṣẹ́ abẹ wà. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá sé, tàbí tí kò ṣeé mú dúró mọ́, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ kú, ẹ má dúró de ọ̀la: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.