Ẹ̀tù Púpọ̀ Kọ́ Ló Ń Pa Ìgalà

Tẹ́ ẹ bá jókòó ti àwọn ọdẹ Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ẹ ó gbọ́ ọ: wọ́n yìnbọn fún ìgalà, ọta bà á, ó ṣì sá wọgbó. Ọ̀pọ̀ á ní ẹ̀tù ló kéré. Rárá o, ẹ kọ́kọ́ wo ọta.

Ọta wẹẹrẹ dáa fún àparò àti ọ̀yà, torí ó máa ń fọ́n ká. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tètè ń gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ọta òjé kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ìwọ̀n rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ, àmọ́ ojú tí afẹ́fẹ́ ti ń dí i lọ́wọ́ ò ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ìdí nìyẹn tí ọta ńlá fi ń wọlé jìn sínú ẹran.

Ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń fi irú ìbọn àkìbọ̀ lẹ́nu yìí dọdẹ elk (ó jọ ìgalà, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ lè wúwo tó 300 kílò), òfin ní ọta kan ṣoṣo ni kí wọ́n kì, ihò ìbọn ò sì gbọdọ̀ kéré sí ìdajì íǹṣì.

Ẹ̀tù àlékún ńkọ́? Bó bá ti kọjá ìwọ̀n kan, òmíràn ò ní jó tán kó tó tú jáde. Iná àti èéfín lásán ni. Èyí tó jó ń ti ọ̀pá ìbọn láti inú. Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà wa, páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi ṣe ọ̀pá rẹ̀. Tó bá máa bẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú ọdẹ ló ti ń bẹ́. Ó sì lè bẹ́ bákan náà tí ọta ò bá jókòó lé ẹ̀tù dáadáa, tí àyè wà láàárín wọn.