Ìwọlé àti ìjáde afẹ́fẹ́ àdánidá nínú ilé

Ìwọlé àti ìjáde afẹ́fẹ́ àdánidá nínú ilé jẹ́ ètò ìkọ́lé tí ó ń mú kí afẹ́fẹ́ tuntun wọ gbogbo inú ilé, kí èyí tí ó ti gbóná tàbí tí ó ti dọ̀tí sì jáde, láìlo fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Ohun méjì ni ó gbẹ́kẹ̀ lé: atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ níta, àti gígòkè afẹ́fẹ́ gbígbóná. Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí ìtura nìkan, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́lé máa ń kó ooru, ọ̀rinrin, èéfín ìdáná àti kòkòrò àìsàn jọ. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró déédéé, bí a ṣe kọ́ ilé ni yóò sọ bóyá àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ yóò rí oorun sùn nígbà tí iná bá lọ.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ lu ilé, ó máa ń ti afẹ́fẹ́ mọ́ ògiri tí ó kọjú sí i, ó sì máa ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lára ògiri ẹ̀yìn. Bí fèrèsé bá wà ní ìhà méjèèjì, afẹ́fẹ́ yóò gba ọ̀kan wọlé, yóò sì gba èkejì jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, bó ti wù kó tóbi tó, nítorí pé afẹ́fẹ́ tuntun kò lè wọlé bí ti inú ilé kò bá rí ọ̀nà jáde. Ìwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé sábà máa ń lò ni pé yàrá tí ó ní fèrèsé ní ìhà méjì tí ó kọjú síra lè jìn tó ìlọ́po márùn-ún gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Èyí tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ìhà kan kò gbọdọ̀ jìn ju nǹkan bí ìlọ́po méjì lọ. Bí àjà bá ga ní mítà 3, èyí jẹ́ mítà 15 àti mítà 6.

Ọ̀nà kejì kò nílò atẹ́gùn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju èyí tí ó tutù lọ, ó sì máa ń gòkè. Bí ihò bá wà lókè ògiri tàbí ní òrùlé, yóò gba ibẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ tútù yóò sì gba ìsàlẹ̀ wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Bí ihò òkè bá ṣe jìnnà sí ti ìsàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ó máa ń ṣiṣẹ́ jù ní alẹ́, nígbà tí ìta ti tutù ṣùgbọ́n tí ògiri ṣì gbé ooru ọ̀sán dání.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Agbo ilé àtijọ́ ní àgbàlá tí a kò bò lórí láàárín, àwọn yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn máa ń dá ooru oòrùn dúró, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gba ojú àgbàlá gòkè lọ. Inú yàrá máa ń ṣókùnkùn, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ojúmọ́ ti ń wáyé.

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Brazil mú irú ilé mìíràn wá sí Èkó: ọ̀nà kan la àárín ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ṣí sílẹ̀, ọ̀nà yìí di ipa atẹ́gùn. Irú ètò yìí ni ó tàn káàkiri ìlú nínú ilé ayálégbé tí yàrá kọjú síra. Níbẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní ìhà kan ṣoṣo tí ó kan ìta. Bí olùgbé bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní alẹ́, ọ̀nà ìjáde afẹ́fẹ́ ti dí.

Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ìmọ̀ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1948. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè la inú wọn kọjá, wọ́n sì fi ògiri oníhò yí ilé ìkàwé ká, kí ó lè dí oòrùn láìdí afẹ́fẹ́.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn

Ní Yazd, ìlú kan ní aṣálẹ̀ Iran, ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní bâdgir wà lórí ọ̀pọ̀ ilé. Ó máa ń gba atẹ́gùn òkè, ó sì ń darí rẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, nígbà mìíràn gba orí omi kí ó lè tutù. Ọgbọ́n omi yìí kò bá ilẹ̀ ọlọ́rinrin bí Èkó mu, nítorí pé omi kì í tètè gbẹ níbẹ̀. Atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ sí ènìyàn lára ni ó ń mú ìtura wá.

Ìwádìí kan tí a ṣe ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní Lima, Peru, tí a sì tẹ̀ jáde ní 2007, fi àǹfààní rẹ̀ fún ìlera hàn. Nígbà tí fèrèsé àti ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ inú yàrá àtijọ́ tí àjà rẹ̀ ga, tí fèrèsé rẹ̀ sì tóbi, pààrọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 40 ní wákàtí kan. Ti ilé ìgbàlódé jẹ́ 17, ti yàrá tí a ń fi ẹ̀rọ fún ní afẹ́fẹ́ jẹ́ 12. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń pààrọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu kíkó ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dínkù tó.

Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́

Ètò yìí kò lè mú kí afẹ́fẹ́ inú ilé tutù ju ti ìta lọ ní ọ̀sán gangan. Ariwo, eruku ọyẹ́ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ lè gba ojú fèrèsé kan náà wọlé. Nẹ́ẹ̀tì tí ń dí ẹ̀fọn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ó ń dín atẹ́gùn kù, nítorí náà ó yẹ kí fèrèsé rẹ̀ tóbi sí i. Fèrèsé onígíláàsì tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sábà máa ń ṣí ní ìdajì péré. Odi gíga àti ilé tí a kọ́ mọ́ ara wọn tún máa ń dá atẹ́gùn dúró kí ó tó dé ojú fèrèsé. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, atẹ́gùn sábà máa ń ti orí òkun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ti ọyẹ́ sì ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Ìgbà tí a bá ń ya àwòrán ilé ni ó rọrùn jù láti kọ ojú fèrèsé sí ọ̀nà méjèèjì. Lẹ́yìn tí ògiri bá ti dúró, àtúnṣe rẹ̀ máa ń náni lówó púpọ̀.