Ẹni Tó Ń Hanrun Kì Í Gbọ́ Ara Rẹ̀: Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Dókítà Máa Bi Aláìsàn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra ní Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara mọ bí ìtọ́jú rẹ̀ ṣe máa ń lọ. Ì báà jẹ́ ọsibítù ìjọba, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni, nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, tí yóò sì kọ ọ́ sínú káàdì kó tó kan dókítà. Dókítà yóò béèrè bóyá ó ń lo oògùn déédéé, bóyá ó ti dín iyọ̀ kù. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, wọn a fi oògùn mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, èrò mi sì ni pé kò yẹ kí dókítà ìdílé kankan fi í sílẹ̀: báwo lẹ ṣe ń sùn, kí sì ni ẹni tó ń sùn tì yín ń gbọ́ lóru?

Àìsàn tí ìbéèrè náà ń wá ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní obstructive sleep apnea. Bí ènìyàn bá ti sùn, iṣan ara rẹ̀ a dẹ̀, títí kan iṣan tó ń jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun wà ní ṣíṣí. Lára àwọn kan, ọ̀fun yìí a dẹ̀ débi pé yóò pa dé. Àyà á máa gbìyànjú láti mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé. Bí èyí bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ti di ìdádúró èémí. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta jí fún ìgbà díẹ̀, ọ̀fun á ṣí, aláìsàn á sì fa èémí sínú lójijì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí jáde nínú omi. Lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ẹni tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ní ìgbà 15 láàárín wákàtí kan ti kúrò ní ẹni tí àìsàn náà kàn fọwọ́ kàn díẹ̀. Ẹni tó bá pé ìgbà 30, ó ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí ìkankan nínú rẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju pé orí ń fọ́ òun, pé oorun kò tó òun, àti pé òun ń tòògbé níbi tí kò yẹ, nígbà mìíràn nídìí ọkọ̀. Ìṣirò kan tó jáde lọ́dún 2019 nínú ìwé ìròyìn Lancet Respiratory Medicine sọ pé àwọn àgbàlagbà ọmọ ọdún 30 sí 69 tó ní in lágbàáyé tó mílíọ̀nù 936.

Ìgbàkígbà tí ọ́síjìn bá já wálẹ̀ báyìí ni àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ máa ń fún pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ru sókè ní wákàtí tó yẹ kó sinmi. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ṣọ́ ènìyàn 709 fún ọdún mélòó kan. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2000 fi hàn pé ewu ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn tí èémí wọn ń dá ní ìgbà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí tiwọn kò dá rárá. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà ọkàn ní São Paulo ní Brazil yẹ aláìsàn 125 wò, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbọ́ oògùn. Ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àìsàn oorun yìí, ó sì pọ̀ ju gbogbo ìdí yòókù tí wọ́n wá lọ. São Paulo kì í ṣe Kwara, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀fun tó ń dẹ̀ àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń fún kò yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì.

Kí ló dé tí ìbéèrè náà kò fi wọ́pọ̀? Kì í ṣe pé àwọn dókítà wa ya ọ̀lẹ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 yẹ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè 12 wò, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ nípa oorun, ní ìpíndọ́gba, kò pé wákàtí méjì ààbọ̀ ní gbogbo ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Nígbà tí Obianuju Ozoh ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn oníṣègùn Nàìjíríà léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àìsàn náà, àlàfo ìmọ̀ hàn kedere. Níhà ti aláìsàn, Olúfẹ́mi Désàlú ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní ọsibítù mélòó kan ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2016: àwọn aláìsàn tó ń sọ ọ̀rọ̀ oorun wọn fún dókítà kò tó nǹkan. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, àmì pé oorun dùn ni hanrun, tàbí pé iṣẹ́ ti rẹ ènìyàn. Ẹlòmíràn á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó tó ń gbọ́ bí èémí baálé rẹ̀ ṣe ń dá lè pa á mọ́ra, kó má baà dà bíi pé ó ń tú àṣírí yàrá. Bí dókítà kò bá béèrè, kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́. Ó sì rọrùn láti béèrè: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá ti sọ fún yín rí pé èémí yín máa ń dá lójú oorun?" Bí ìyá bá wà níta, kí wọ́n pè wọ́n wọlé.

Irinṣẹ́ tó wà fún un kò gba owó. Frances Chung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ní Kánádà ló gbé ìbéèrè STOP jáde lọ́dún 2008, ó sì di ìbéèrè mẹ́jọ: hanrun kíkankíkan, àárẹ̀ ojúmọmọ, èémí tí ẹlòmíràn rí pé ó dá, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìsanra, ọjọ́ orí tó ju 50 lọ, ọrùn tí àyíká rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, àti jíjẹ́ ọkùnrin. Téèpù télọ̀ tó fún wíwọn ọrùn, nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ sì lè ṣe é níbẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní dókítà kò tó àti pé èrò pọ̀ jù, òótọ́ ló sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ní láti dúró de dókítà. Ìṣòro tó ju èyí lọ ni pé ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ti kọjá ọdún 50 ti gba máàkì mẹ́ta kó tó ya ẹnu, mẹ́ta sì ni ìfura ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dúró lórí mẹ́ta, a ó fura sí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàbá tó wà lórí ìlà. Márùn-ún ni kí dókítà wa máa wò, kó sì fún ẹ̀rí ẹni tó rí i tí èémí dá ní ìwọ̀n tó ju ti ìyókù lọ.

Àtakò tó lágbára jù lọ wá láti Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò àìsàn níbẹ̀ sọ lọ́dún 2017, ó sì tún un sọ lọ́dún 2022, pé ẹ̀rí kò tíì tó láti ní kí wọ́n máa yẹ gbogbo àgbàlagbà tí kò ní àmì àìsàn wò. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí oògùn mẹ́ta kò kápá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó ń hanrun, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, kì í ṣe ẹni tí kò ní àmì. Èkejì ni ìwádìí SAVE tó jáde lọ́dún 2016: aláìsàn tó lé ní 2,700, tí wọ́n ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló kópa nínú rẹ̀, ẹ̀rọ CPAP tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀fun kò sì dín ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kù. Dókítà kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí ohun tí ẹ̀rí kò ṣe. Síbẹ̀, wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀ péré ni wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà lóru kan, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó lò ó kò tòògbé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ara wọn sì yá sí i. Fún awakọ̀ tó ń gbé èrò láti Ọ̀fà lọ sí Èkó, èyí nìkan kì í ṣe nǹkan kékeré.

A ó ní CPAP wọ́n, iná kò sì dúró. Ẹ̀rọ náà wọ́n lóòótọ́, ó sì ń lo iná ní gbogbo òru. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ìmọ̀ wúlò fún. Sísùn ní ẹ̀gbẹ́ dípò fífi ẹ̀yìn lélẹ̀, dídín ìsanra kù àti yíyẹra fún ọtí lálẹ́ ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó ń lo iná nínú wọn. Ẹni tó bá ní oorun kì í tó òun lè gba oògùn oorun lọ́wọ́ dókítà tí kò béèrè, oògùn náà sì lè tún dẹ ọ̀fun tó ti ń dẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí aláìsàn náà bá ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, ì báà ṣe ní Ọ̀fà tàbí ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, dókítà tó máa kùn ún lóorun ní láti mọ̀ ṣáájú kó lè ṣọ́ èémí rẹ̀ títí yóò fi jí dáadáa. Inú káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ sí náà ló yẹ kó ti rí i.