Ṣé O Mọ̀? Wáyà Olówó Ńlá, Sípíkà Tuntun àti Etí Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé lásìkò ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀, ìlù kì í dún? Agogo ni wọ́n ń lù! Ọjọ́ 17 ni ọdún náà ń gbà. Ohùn ìlú yí padà, kò sí etí tí kò gbọ́ ọ.

Ti wáyà sípíkà olówó ńlá wá ńkọ́, ṣé ó ń yí ohùn padà bẹ́ẹ̀? Sún mọ́ mi níbí.

Iná tó gbé ohùn ń sáré nínú wáyà bàbà ní nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn inú afẹ́fẹ́? Mítà 340 péré!

Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́ tó bíi kìlómítà 50. Ká ní ohùn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín, á gbà á tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Nínú wáyà ńkọ́? Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti lọ, ó ti bọ̀, ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ!

Mú wáyà bàbà mítà 10, èyí tó nípọn tó 1.5 mm². So ó mọ́ sípíkà ohm 8. Ohùn tí wáyà náà jẹ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin dẹ̀síbẹ̀lì kan (òṣùwọ̀n ariwo) lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Àmọ́ fa wáyà tín-ín-rín, 0.75 mm², fún mítà 100, láti inú ilé dé ìdí àríyá. Nínú agbára 100, bíi 40 péré ló máa dé sípíkà! Èyí, etí gbọ́ ọ dáadáa.

Wo ẹ̀yìn àńpù ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ṣé o rí 100V yẹn? Torí wáyà tó gùn ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀.

Lọ́dún 2007, James Randi ará Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù dọ́là kan lélẹ̀. Ṣáà fi etí nìkan dá wáyà tó lé ní dọ́là 7,000 mọ̀ yàtọ̀ sí wáyà lásán, kó o kó owó lọ. Kò sẹ́ni tó gbà á!

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohùn tó rẹlẹ̀ jù tí etí rẹ lè gbọ́ ń mi awọ etí náà ní ìwọ̀n tó kéré ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Átọ́ọ̀mù!

Wọ́n ní sípíkà tuntun gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 100 kí ohùn rẹ̀ tó jọ ohùn? Òótọ́ ni pé rọ́bà rẹ̀ ń rọ̀ díẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú rírọ̀ náà ti parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́. Etí rẹ ló ń mọ́ ọn lára!

Sún orí rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré. Ìyẹn nìkan yí ohùn padà ju wáyà olówó ńlá lọ.

Jẹ́ kí ẹnì kan yí fólúùmù sókè díẹ̀ láìsọ fún ọ. Wàá búra pé ohùn náà ti dára sí i!

Ìlù dùndún ńkọ́? Sá awọ rẹ̀ sóòrùn, ohùn ròkè. Fún ọsán rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, ó sọ̀rọ̀. Okùn tó ń yí ohùn padà gan-an nìyẹn!

Nítorí náà, ra wáyà bàbà gidi, kó nípọn, kó má gùn jù, kó o sì so ó mọ́ sípíkà dáadáa. Fi owó tó ṣẹ́ kù ra sípíkà tó dára!