Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe báárà

Ní Ìjerò, arákùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tó sì ní NCE, sọ fún mi pé: "Lọ́yà, iṣẹ́ ni mo ń wá, mi ò tọrọ báárà."

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù Kìíní ọdún 2019 ní kí àkàndá ẹ̀dá tó ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ìjọba, "bó bá ti lè ṣeé ṣe tó." Ibẹ̀ gan-an ni òfin náà ti ń jò.

Owó ìrànwọ́ ńkọ́? Fayemi bẹ̀rẹ̀ ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn arúgbó Èkìtì ní 2011; ìjọba yí padà, owó dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: lọ́dọọdún, àkàndá ẹ̀dá mélòó lẹ gbà síṣẹ́?